Màmá Onímọ́tò àti Ẹ́ńjìnnì Tó Nọ́ọ̀kì

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá sí itẹ́ òkú Sabon Gari ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ti jẹ́ kí etí wa sinmi. Wọ́n ní àwa ọmọ Kánò ti di Hausa tán, a ò mọ àṣà mọ́. Wọ́n ní obìnrin tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé òkú ọlọ́kú délé, ta ló láyà láti sin òun fúnra rẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀? Àbúrò Bàbá Àgbà tilẹ̀ bínú débi pé kò fẹnu kan omi nígbà tó wá kí wa. Ó kọjú sí ògiri, ó ní òun kò ní mu omi àwọn tó sọ ìyá wọn nù. Ẹ wò ó, mi ò bá àgbàlagbà jà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè mọ ohun tó ń bínú sí.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Màmá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Jóṣúà, nítorí bàbá mi ni àkọ́bí rẹ̀. Bàbá Àgbà nìkan ló ń pè é ní Àjọkẹ́. Àwọn Hausa àdúgbò ń pè é ní Mai Mota, ìyẹn onímọ́tò, nítorí kò sí obìnrin mìíràn tó ní mọ́tò ní gbogbo Niger Street láyé ìgbà náà tí Òyìnbó ṣì ń ṣe D.O. lé wa lórí. Aṣọ ló ń tà. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó tó dá yín lóhùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti parí ilé ìwé. Mo ń bá Màmá dúró ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń bá a jà lójoojúmọ́, nítorí ìwà kan náà ni àwa méjèèjì ní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìkánjú rẹ̀. Màmá kì í rìn, ó ń sáré ni, àwa la kàn ń pè é ní ìrìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá ń kọrin, ó máa ń fi ìlà kan ṣáájú gbogbo ìjọ. Nígbà tí àwa bá fi máa dé ibi ègbè, òun ti ń ṣe Àmín. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Lọ́jọ́ tí àwọn ìyá ìjọ pè é jókòó pé kó máa dúró de àwọn yòókù, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ tètè máa bọ̀. Ṣé èmi ni mo ní kí ahọ́n yín wúwo?"

Ó tún kórìíra àbùlẹ̀. Mi ò mọ ohun tí àbùlẹ̀ fi ṣe é. Télọ̀ lọkọ rẹ̀, síbẹ̀ aṣọ tó bá ti ya nílé wa, aṣọ ìnulẹ̀ ló dà. Bàbá Àgbà á ní, "Mú un wá kí n bá ọ lẹ̀ ẹ́," kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Màmá ti fà á ya sí méjì. Bí igbá bá sán lọ́wọ́ àwọn ìyá mìíràn, wọ́n á gbé e fún ẹni tó ń gán igbá, yóò fi okùn gán an, wọ́n á tún máa bu fùrá sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Igbá tiwa, ó di ààtàn. Mo bá a jà nítorí igbá kan tí mo fẹ́ràn, iyàn náà pọ̀. Ó ní, "Ohun tó bá fọ́ ti sọ tẹnu rẹ̀. Èmi ò ní bẹ̀ ẹ́."

Bí ó ṣe di onímọ́tò nìyí. Nígbà náà, bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá kú sí Kánò, Kánò náà ni wọ́n ń sin ín sí. Ọ̀nà jìn, ooru mú, reluwé kì í sì í gba òkú lọ́wọ́ irú wa. Wọ́n á gé irun òkú díẹ̀, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun. Ẹni tó bá ń lọ sílé á mú un lọ, kí wọ́n lè sin ín sínú ilé bàbá rẹ̀. Ibi tí agbára àwọn òbí wa mọ nìyẹn. Wọ́n wá gbé irú ìdì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níwájú Màmá lọ́jọ́ kan ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta aṣọ. Ìdì náà kò ju ìdì iyọ̀ lọ. Obìnrin tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín tí ọ̀fun rẹ̀ á máa hàn! Màmá dìde láàárín ìpàdé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Èékánná kì í ṣe ènìyàn."

Kò tún jókòó mọ́. Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Ọwọ́ Òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló ti ra mọ́tò náà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, pákó dídán ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ onísílíńdà mẹ́jọ. Bí wọ́n bá tan án, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa gbọ̀n. Bí pósí bá ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, Màmá á jókòó síwájú, Ràfíù dẹ́rẹ́bà á tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá kúrò ní Kánò nírọ̀lẹ́, kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, Ògbómọ̀ṣọ́ á ti máa gbọ́ họ́ọ̀nù rẹ̀. Lọ́rì kò lè dán irú rẹ̀ wò. Eré yẹn gan-an la fi ń dù ú mọ́ ooru lọ́wọ́, kí ojú òkú má bàa bàjẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó rí i.

Ràfíù ló sọ ti afárá Jẹ́bà fún mi. Reluwé àti mọ́tò ló jọ ń gba orí afárá náà, Òyìnbó tó ń ṣọ́ ọ sì ti ní kí wọ́n dúró títí reluwé á fi kọjá. Màmá bọ́ sílẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ló fi kò ó lójú. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó wà níbí yìí kò lè dúró. Ìwọ lè dúró." Ràfíù ní òun ò mọ èyí tí Òyìnbó náà gbọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà fún wọn.

Gbogbo ohun tí òun àti Bàbá Àgbà ní ló wọ inú mọ́tò yẹn. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti ga dé ibi tí wọ́n á ti kan òrùlé, ó sì dúró síbẹ̀. Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, ewúrẹ́ ará àdúgbò ń sùn sí pálọ̀. Nígbà tí bàbá mi béèrè ìgbà tí a máa kan páànù, Màmá nawọ́ sí mọ́tò níta, ó ní, "Páànù yín nìyẹn."

Àbọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́ńjìnnì náà bàjẹ́. Wọ́n ti sin òkú tí wọ́n gbé lọ, ọkọ̀ ṣófo, kò sí ohun tó ń lé wọn. Ràfíù ní omi ọkọ̀ ń hó, òun sì ń gbọ́ ariwo kan nínú ẹ́ńjìnnì tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní, "Màmá, ta là ń lé? Òkú ti délé." Màmá ní, "Tẹ̀ ẹ́." Bí wọ́n ṣe kọjá Zaria díẹ̀, nǹkan fọ́ gbàà nínú rẹ̀, ọ́ìlì dà sílẹ̀ lójú títì bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Lọ́rì ẹlẹ́pà kan ló fi okùn fà wọ́n wọ Kánò. Gbogbo Niger Street jáde wá wò ó, kò sẹ́ni tó lè kí Màmá.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni Làmídì mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìlọrin ni. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà, ó ní ó ti nọ́ọ̀kì. Irin tó di pístínì kan mú ti ṣẹ́, ó sì ti dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì láti inú wá. Ọwọ́ mi gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò nìkan ni, à bá ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà ti ń wú láti ìgbà ọyẹ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, kí a máa fún un ní oògùn, kí a sì máa gbàdúrà. Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí, òun náà mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ Màmá fún, ojú mi ló ṣe. Ó ní, "Àjọkẹ́, má jẹ́ kí wọ́n sin mí síbí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni kí o tẹ́ mi sí." Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ìbúra nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, òkú Bàbá Àgbà la ń sọ, òun alára sì jókòó tì wá lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń gán etí agbádá oníbàárà rẹ̀.

Làmídì ní, "Màmá, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mo lè fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò yẹn, kí n fi bóòtù dè é pinpin. Ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Ṣé igbá lo fẹ́ gán ni?"

"Ó dáa. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì sójà kan wà lọ́wọ́ mi. Wallahi, Màmá, ẹ́ńjìnnì burúkú ni, kì í kú! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti gbé e wọlé. Á gbé wọn délé. Àfi pé kò yá lẹ́sẹ̀. Ẹ lè sùn lọ́nà."

"Òkú kì í sùn lọ́nà, Làmídì."

Bàbá Àgbà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, "Èmi lè sùn. N ò ní yọ yín lẹ́nu." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Làmídì tẹ orí ba. Ó ní ẹ̀kẹta ni kí a kọ̀wé sí Èkó, kí Èkó kọ̀wé sí òkè òkun, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tuntun irú rẹ̀ gan-an ránṣẹ́. Màmá béèrè ìgbà tó máa dé. Làmídì ní Ọlọ́run ló mọ̀. Màmá ní, "Sọ fún wọn pé kó yá," ìyẹn ló wá pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, títí kan Bàbá Àgbà. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tí kò lè dúró de ègbè orin, èyí tí wọ́n ń fi sùúrù dúró dè ló mú. Wọ́n kọ̀wé, a bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Gbogbo ìgbà tí reluwé ẹrù bá ti wọlé láti Èkó, èmi àti Màmá á gba stéṣọ̀n lọ. Akọ̀wé ibẹ̀, Hausa ọmọ Kánò, tó ń bọ̀wọ̀ fún Màmá gan-an, á ti rí wa lókèèrè, á ti máa mi orí. "Babu, Mama. Sai hakuri." Kò sí, ẹ ṣe sùúrù. Màmá á ní, "Ṣé hakuri ni mo máa kì bọ ẹ́ńjìnnì?" Lẹ́yìn náà la ó yí padà, a ó gba àárín èrò tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ kọjá, àwọn ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Ìbàdàn, tòun ti ẹní, adìẹ àti ọmọ, wọ́n ń ti ara wọn wọlé. A máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà láàárín wọn. Wọ́n ń dí wa lọ́nà, èyí la rò nípa wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a tún gbọ́ "babu" wálé, Bàbá Àgbà wà ní fàráńdà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ẹsẹ̀ náà ti ń dán. Ó béèrè bóyá èrò pọ̀ ní stéṣọ̀n. Mo ní wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Ó ní, "Àjọkẹ́, reluwé ń lọ lónìí o. Mo ṣì lè jókòó."

Kò tètè yé mi. Kò tètè yé Màmá náà. Nígbà tó yé Màmá, ó bú gbàù. "Kí o lọ sí ibo? Sínú ilé wo? Èyí tí ewúrẹ́ ń sùn? Àbí yàrá àbúrò rẹ lo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sí, kí àwọn ìyàwó ilé máa yọjú wò ọ́ pé ẹni tó ti ń bẹ ní Kánò látọdúnmọ́dún, ẹsẹ̀ wíwú ló kó bọ̀? Òkú kò nílò yàrá, Bàbá Jóṣúà. Alààyè ló nílò yàrá."

Bàbá Àgbà dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu. Kò sọ ọ́ mọ́ láé.

Ẹ má sì rò pé Màmá nìkan ni. Bàbá mi gbọ́ ọ, ó ní òótọ́ ni ìyá òun sọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ pé kí àgbà wọn wọlé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe rí nìyẹn. Bí tiwa bá kú sídàálẹ̀, a ó ta gbogbo ohun tí a ní ká lè fi ẹ̀yẹ gbé e wọ ìlú. Bí ó bá ń ṣàìsàn tí kò sì ní nǹkan láti fi hàn, a ó fi í pamọ́ síbi tí aráalé kò ti ní rí i. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bínú sí wa yìí, ẹ bi ara yín léèrè ojú tí ẹ̀ bá fi wò ó.

Ó kú ní ọ̀sán gangan, nínú ooru tó ń ṣáájú òjò, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn rẹ̀. Màmá sáré dé ọ̀dọ̀ Làmídì láìwé gèlè. Mo tẹ̀lé e.

"Làmídì, gbé ẹ́ńjìnnì sójà yẹn wọlé. Nísinsìnyí."

"Màmá, ẹlẹ́pà kan ti rà á lọ."

"Gán èyí nígbà náà. Mo ní kí o gán an! Fi irin bò ó, fi bóòtù dè é, bó ti wù kó rí, kó ṣáà rìn."

Obìnrin tí kò lẹ aṣọ rí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún àbùlẹ̀ yìí, lórí ìkúnlẹ̀. Làmídì fi ọwọ́ ọ́ìlì bojú, ó ń sunkún. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ náà, ooru yìí kò sì ní fún wa ní ọjọ́ kan. A lọ bá àwọn onílọ́rì. Wọ́n kí wa kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, wọ́n ní ṣùgbọ́n lọ́rì tó bá gbé òkú, ẹlẹ́pà kò ní gbé ẹrù sínú rẹ̀ mọ́. Ibi gbogbo tí a dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ilẹ̀ mọ́, a sin Bàbá Àgbà sí Sabon Gari, pásítọ̀ kọrin, Màmá kò kọ ọ́.

Kí wọ́n tó kan pósí, ó pè mí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú àlùmọ́gàjí bàbá àgbà rẹ wá." Ó fi àlùmọ́gàjí ńlá tí Bàbá Àgbà fi ń gé aṣọ rẹ́ irun funfun díẹ̀ níwájú orí rẹ̀. Ó gé èékánná rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń ṣe é, kò kánjú rárá. N kò tíì rí i kó ṣe ohun kankan jẹ́ẹ́jẹ́ rí. Ó dì í sínú àkísà funfun tó ṣẹ́kù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá mi ní òun á mú un lọ. Màmá kọ̀. Ó wọ reluwé, ó gbé ọkọ rẹ̀ sí ọwọ́.

Ẹ́ńjìnnì dé nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Akọ̀wé stéṣọ̀n fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wa, inú rẹ̀ dùn, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "Ya zo, Mama! Ya zo!" Ó dé, ó dé. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi tútù fún un. Kò lọ wò ó. Ó ní kí Làmídì gbé e, kó fi sínú ọkọ̀ ẹni tó bá ń sáré. Mọ́tò wà ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò mi á wọ ibẹ̀, wọ́n á di sítíárì mú, wọ́n á máa fi Hausa pariwo, "Mu je! Mu je!" Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí Màmá bá gbọ́ ọ, á wọ inú yàrá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló wá ń gbẹ́yìn orin. A ó ti jókòó, òun á ṣì wà lórí ìdúró, ó ń kọ ìlà tó kẹ́yìn lóun nìkan. Nígbà tí àìsàn tirẹ̀ dé, ó pe èmi àti bàbá mi, ó ní kí a sin òun ti Bàbá Jóṣúà níbí, kí a má wá mọ́tò, kí a má sì gé ohunkóhun lára òun. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì wá.

Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí n kò sọ fún àbúrò Bàbá Àgbà lọ́jọ́ tó kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tí Màmá dé láti ibi tó ti gbé ìdì náà lọ, èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní stéṣọ̀n. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó di èjìká mi mú. Mo ní, "Màmá, ẹ kú àbọ̀. Ṣé ẹ rí àga jókòó sí?" Ó yíjú wo reluwé náà, ó ní, "Mo rí, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí mò ń lọ, láti Kánò títí dé Ìlọrin, àyè ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀."